Ìròyìn Kò Tó Àfojúbà: Ìtàn Ọjà Àìrí nínú Òfin Ìsìláàmù

Àwọn àgbà wa ni wọ́n máa ń sọ pé ìròyìn kò tó àfojúbà. Mo ti rò nígbà kan rí pé ọ̀rọ̀ ogun tàbí ọ̀rọ̀ àjò ni òwe náà ń bá wí, ṣùgbọ́n láti ọdún mélòó kan sẹ́yìn ni mo ti rí i pé ọ̀rọ̀ ọjà gan-an ni ó bá mu jù lọ. Ní ayé tí a wà yìí, ìròyìn ni à ń rà. Ẹni tí ó jókòó sí Ìlọrin a wo àwòrán aṣọ lójú fóònù, a ka ọ̀rọ̀ díẹ̀ tí wọ́n kọ sí abẹ́ rẹ̀, a sì fi owó ránṣẹ́ sí ẹni tí kò rí rí ní Ìbàdàn. Kò fọwọ́ kan aṣọ, bẹ́ẹ̀ ni kò rí ojú aláṣọ. Kí ni ó wá gbọ́kàn lé?

Ohun tí ó mú mi bẹ̀rẹ̀ sí wádìí ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ìwé. Ìyá kan ni. Àbúrò ìyá mi ń ta aṣọ ní Ìbàdàn, ó sì ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí ó ti wà nídìí òwò náà. Nígbà tí ọjà dá páropáro ní ọdún 2020 nítorí àrùn kòrónà, àwọn ọmọ rẹ̀ kọ́ ọ bí a ti í ya àwòrán aṣọ tí a sì í fi í sí orí WhatsApp. Láti ìgbà náà ni ó ti ń rí oníbàárà láti ọ̀nà jíjìn. Ní ọjọ́ kan, obìnrin kan tí ó ra àńkárá fún ọdún Iléyá kọ̀wé sí i pé aṣọ tí òun gbà kò jọ èyí tí òun rí, ó sì fi kún un pé àáfáà àdúgbò òun ti sọ pé ọjà tí a kò fojú rí, hàráámù ni.

Kì í ṣe owó ni ó dun àbúrò ìyá mi. Nígbà tí mo lọ kí i, ó wí fún mi pé, "Ọmọ mi, ìwọ tí ò ń ka ìwé ìtàn, bá mi wò ó. Bí ó bá jẹ́ owó hàráámù ni mo ti fi ń bọ́ àwọn ọmọ mi láti ọjọ́ yìí, kí n tètè mọ̀. N kò fẹ́ kí wọ́n bi mí léèrè ní ọ̀run kí n má rí èsì fọ̀."

Mo ní, "Ẹ fún mi láyè, ìyá mi. N ó wádìí rẹ̀."

Iṣẹ́ tí ó rán mi náà ni mo ń jẹ́ nínú ìwé ẹgbẹ́ wa yìí. Èmi kì í ṣe àáfáà, n kò sì ní gba ipò àáfáà. Ìtàn ni mo kọ́, ìtàn náà ni n ó sì sọ.

Nígbà tí a wà ní kékeré, àwọn àgbà a máa sọ fún wa pé ní ayé àtijọ́, ẹni tí ó bá ní iṣu tàbí ọsàn láti tà lè kó o sí ẹ̀bá ọ̀nà oko, kí ó fi òkúta wẹ́wẹ́ tì í láti fi iye owó rẹ̀ hàn, kí ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ẹni tí ń kọjá, bí ó bá fẹ́ rà á, a ka owó ẹyọ sílẹ̀, a gbé ọjà, a sì lọ. A máa ń fi ìtàn yìí yangàn, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a kíyè sí i: lóòótọ́ ni olùrà kò rí olùtà, ṣùgbọ́n ó rí iṣu. Ó lè gbé e wò, kí ó mọ̀ bí ó bá ti jẹrà. Ẹni tí ó yẹ kí ẹ̀rù bà ni olùtà, nítorí òun ni ó fi ọjà sílẹ̀ láìsí ẹ̀ṣọ́. Lónìí ọ̀ràn ti dojú rú: olùtà ti gba owó sápò, olùrà ni ó wà nínú òkùnkùn. Ìwà rere tí ó gbé ọjà ẹ̀bá ọ̀nà ró kò lè dá nìkan gbé ọjà orí íntánẹ́ẹ̀tì ró. Òfin ní láti tì í lẹ́yìn.

Òfin Ìsìláàmù kò ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdé ọ̀ràn yìí, nítorí ìlú àwọn oníṣòwò ni ẹ̀sìn náà ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn ará Mẹ́kà a máa di ẹrù ru ràkúnmí lọ sí Síríà àti sí Yẹ́mẹ̀n, Ànábì Muhammad pàápàá sì ti bá Khadija ṣòwò kí iṣẹ́ Ọlọ́run tó dé bá a. Lẹ́yìn tí ó ti ṣí lọ sí Mẹ̀dínà ní ọdún 622, ìtàn sọ pé ó gba ẹ̀gbẹ́ òkìtì ọkà kan kọjá lọ́jà, ó ti ọwọ́ bọ inú rẹ̀, ó sì rí i pé ìsàlẹ̀ rẹ̀ tutù. Nígbà tí ó bi olùtà léèrè, ó dáhùn pé òjò ni ó pa á. Ànábì wá béèrè ìdí tí kò fi kó èyí tí ó tutù sókè kí àwọn ènìyàn lè rí i, ó sì sọ ọ́ gbangba pé ẹni tí ó bá ń rẹ́ni jẹ kì í ṣe ara òun. Ẹ̀ṣẹ̀ ọkùnrin yẹn kì í ṣe pé òjò pa ọkà rẹ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ni pé ó fi gbígbẹ bo tútù mọ́lẹ̀. Àwòrán tí a yà lábẹ́ iná tí ó mú kí aṣọ tí ó ti ṣá máa dán, òkìtì ọkà náà gan-an ni.

Láti inú irú ọ̀rọ̀ báyìí ni àwọn onímọ̀ ti fa òfin ńlá kan yọ. Wọ́n kọ ọjà tí òkùnkùn bò, èyí tí èdè Lárúbáwá ń pè ní gharar: ẹja tí ó ṣì wà nínú omi, ẹyẹ tí ó ṣì wà lójú ọ̀run, ẹran tí ó sá lọ tí a kò tíì rí mú. Wọ́n tún gba ìròyìn Hakim ibn Hizam, ẹni tí àwọn ènìyàn máa ń wá ra ohun tí kò sí lọ́wọ́ rẹ̀. A gbà á lọ́wọ́ wọn tán, a wá sáré lọ sọ́jà láti rà á fún wọn. Ànábì dá a lẹ́kun pé kí ó má ta ohun tí kò sí lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ènìyàn bá dúró síbí yìí, yóò rò pé àáfáà oníbàárà wa ti parí ọ̀rọ̀.

Ṣùgbọ́n ìtàn kò dúró síbẹ̀. Ní Mẹ̀dínà kan náà, Ànábì bá àwọn àgbẹ̀ tí wọ́n ń gba owó èso sílẹ̀ ní ọdún kan tàbí ọdún méjì kí èso náà tó so. Àwọn àgbẹ̀ wọ̀nyí nílò owó láti fi roko. Bí a bá sọ pé kí wọ́n má gbà á, ebi ni yóò pa wọ́n. Kò fòfin dè é. Ó ní kí ẹni tí yóò ṣe é ṣe é lórí òṣùwọ̀n tí ó dájú, ìwọ̀n tí ó dájú àti ọjọ́ tí ó dájú. Káràkátà yìí ni a ń pè ní salam: olùrà yóò san gbogbo owó sílẹ̀, olùtà yóò sì jẹ gbèsè ọjà tí a ti ṣàpèjúwe rẹ̀ yékéyéké. Nítorí náà, kì í ṣe àìrí nìkan ni òfin kórìíra, àìmọ̀ ni. Ohun tí a kò rí ṣùgbọ́n tí a mọ̀ dájú, ọ̀nà wà fún un.

Ìtàn mìíràn tún wà tí mo fẹ́ràn púpọ̀. Wọ́n ní Uthman, ẹni tí ó di kálífà kẹta, àti Talha, tí àwọn méjèèjì jẹ́ ọ̀rẹ́ Ànábì, dòwò pọ̀ lórí ilẹ̀ kan tí ó wà lọ́nà jíjìn ní Ìráàkì, tí Talha kò sì tíì fojú rí. Ariyànjiyàn dé lórí ẹni tí ó lè yí ọkàn padà. Wọ́n gbé ẹjọ́ náà lọ bá Jubayr ibn Mut'im, ó sì dájọ́ pé Talha tí ó ra ohun tí kò rí ni ó ní ẹ̀tọ́ láti yàn. Ẹ̀tọ́ yìí ni àwọn onímọ̀ ń pè ní khiyar, èmi yóò sì pè é ní ẹ̀tọ́ àṣàyàn. Ẹ fi í sọ́kàn, nítorí lórí rẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ mi dúró.

Nígbà tí àwọn Ìmáàmù ńlá dé, ọ̀nà wọn pín. Abu Hanifa, tí ó kú ní 767, ní ẹni tí ó ra ohun tí kò rí lè dá a padà nígbà tí ó bá rí i, ìbáà tilẹ̀ bá àpèjúwe mu. Malik, tí ó kú ní 795, ní kí a ta á lórí àpèjúwe: bí ó bá bá àpèjúwe mu, ọjà ti mọ́ olùrà lọ́wọ́; bí kò bá bá a mu, ẹ̀tọ́ àṣàyàn di ti olùrà. Shafi'i, tí ó kú ní 820, ni ó le jù nínú wọn. Ìdájọ́ rẹ̀ ìkẹyìn ni pé títa ohun pàtó tí olùrà kò rí kò tọ́, àfi bí a bá gba ọ̀nà salam. Gbogbo wọn ni ó ń bẹ̀rù ohun kan náà, èyíinì ni pé kí á má fi òkùnkùn jẹ olùrà níyà. Oògùn rẹ̀ ni wọn kò jọ fi ẹnu kò sí.

Níbi yìí ni ọ̀rọ̀ ti kan àwa gan-an. Ìlànà Malik ni àwọn Mùsùlùmí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ń tẹ̀ lé, títí kan ti ilẹ̀ Yorùbá. Ọ̀kan nínú àwọn ìwé tí àwọn àáfáà ti ń kọ́ni láti ìran dé ìran ní Ìlọrin àti ní Ìbàdàn ni Risala, tí Ibn Abi Zayd ará Kairouan ní ilẹ̀ Túnísíà kọ. Ọdún 996 ni ó kú. Nínú ìwé kékeré yẹn, ó kọ ọ́ pé kò sí ohun tí ó burú nínú kí a ra ohun tí kò sí nítòsí lórí àpèjúwe. Ó wá fi ìkìlọ̀ kan tì í: kí á má fi í ṣe àdéhùn dandan pé olùrà gbọ́dọ̀ sanwó kí ọjà tó dé, àfi bí ibi tí ọjà wà bá súnmọ́ tòsí, tàbí bí ó bá jẹ́ ohun tí kì í tètè yí padà, bí ilé, ilẹ̀ tàbí igi. Nígbà tí mo kà á, mo rẹ́rìn-ín. Nígbà tí Jumia àti Konga bẹ̀rẹ̀ òwò ní Èkó ní ọdún 2012, àwọn ará ìlú kò fẹ́ fi owó ránṣẹ́ sí ẹni tí wọn kò mọ̀, ni wọ́n bá fi lélẹ̀ pé kí oníbàárà sanwó nígbà tí ẹrù bá dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ohun tí ó dà bí ọgbọ́n tuntun ní Èkó ti wà nínú ìwé Kairouan láti nǹkan bí 1,000 ọdún.

Síbẹ̀, ẹ̀tọ́ tí kò sí ẹni tí yóò gbà á fúnni, ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni. Ìdí nìyí tí àwọn ìlú Mùsùlùmí fi yan alábòójútó ọjà, tí wọ́n ń pè ní muhtasib. Al-Mawardi, tí ó kú ní Baghdad ní 1058, kọ̀wé lórí iṣẹ́ rẹ̀: ó ń yẹ òṣùwọ̀n àti ìwọ̀n wò, ó sì ń dí ọ̀nà ẹ̀tàn láì dúró de ẹni tí yóò wá fẹjọ́ sùn. Ẹni tí ó bá mọ iṣẹ́ àwọn Pàràkòyí ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá kò ní ṣe ìyanu sí èyí. Ọjà tí kò ní olórí, ọjà àwọn olè ni.

Ní ọ̀rúndún 19, ìjọba Ọ́tómáànì tí ó wà ní Istanbul kó àwọn òfin wọ̀nyí jọ sínú ìwé kan ṣoṣo tí a ń pè ní Mecelle. Ahmed Cevdet Paşa ni ó ṣe olórí ìgbìmọ̀ náà. Láàárín 1869 sí 1876 ni wọ́n ṣe é jáde, ó ní ìwé 16 àti abala 1,851. Ẹ wo ohun tí wọ́n fi ṣáájú: ìwé kìn-ín-ní, ọ̀rọ̀ ọjà títà ni. Nínú rẹ̀ ni wọ́n ti to ẹ̀tọ́ àṣàyàn lẹ́sẹẹsẹ, ti ẹni tí kò rí ọjà, ti ẹni tí ọjà rẹ̀ kò bá àpèjúwe mu, àti ti ẹni tí ó bá àbùkù lára ọjà. Ohun tí ó ti wà lẹ́nu àwọn onímọ̀ di ohun tí adájọ́ lè ṣí ìwé rẹ̀ kà.

Ẹ̀rọ ayé òde òní tún mú ìbéèrè tuntun wá. Bí olùtà wà ní ìlú kan, tí olùrà wà ní ìlú mìíràn, nígbà wo ni a lè sọ pé wọ́n ti fohùn ṣọ̀kan? Ní oṣù kẹta ọdún 1990, àjọ àwọn onímọ̀ òfin Ìsìláàmù lábẹ́ ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè Ìsìláàmù jókòó ní Jeddah lórí ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n dá a láre pé àdéhùn tí a fi lẹ́tà, wáyà tàbí kọ̀ǹpútà ṣe dúró nígbà tí ọ̀rọ̀ ẹni kan bá dé ọ̀dọ̀ ẹnì kejì tí ó sì gbà á, àti pé àwọn tí ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ lórí tẹlifóònù lákòókò kan náà dà bí ẹni tí ó jókòó pọ̀. Wọ́n yọ ìgbéyàwó sílẹ̀ nítorí ẹlẹ́rìí, wọ́n yọ pàṣípààrọ̀ owó sílẹ̀ nítorí pé ọwọ́-sí-ọwọ́ ni, wọ́n sì yọ salam sílẹ̀ nítorí owó tí a gbọ́dọ̀ san sílẹ̀.

Ibi tí a ti dán ọ̀rọ̀ náà wò jù lọ ni ilẹ̀ Indonesia, orílẹ̀-èdè tí Mùsùlùmí rẹ̀ lé ní 200 mílíọ̀nù. Ìlànà Shafi'i, èyí tí ó le jù, ni wọ́n ń tẹ̀ lé níbẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ wọn fi máa ń gbé ọjà orí íntánẹ́ẹ̀tì ka orí salam. Nígbà tí Tokopedia bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2009, owó olùrà kì í kọjá lọ tààrà sọ́wọ́ olùtà. Ọwọ́ ọlọ́jà ni yóò wà títí ẹrù yóò fi dé. Irú ọgbọ́n kan náà ni Alipay ti lò ní ilẹ̀ Ṣáínà ní ọdún 2004. Kì í ṣe Mùsùlùmí ni ó hùmọ̀ rẹ̀ fún ọjà orí íntánẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n òfin Ìsìláàmù ti mọ ẹni ìgbẹ́kẹ̀lé kẹta bẹ́ẹ̀ tipẹ́ nínú ọ̀rọ̀ ìdógò. Ní ọdún 2014, ìjọba Indonesia ṣe òfin ìdánilójú hàláálì lórí ọjà. Ní ọdún 2021, ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ wọn sì gbé ìdájọ́ jáde lórí ọjà ńlá orí íntánẹ́ẹ̀tì, lórí ṣọ́ọ̀bù orí íntánẹ́ẹ̀tì, àti lórí àwọn tí ń ta ọjà tí ó wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Ní ìwòye tèmi, ohun tí ìtàn gígùn yìí ń kọ́ wa ni pé orúkọ ẹ̀sìn kì í dá ìgbẹ́kẹ̀lé sílẹ̀ lọ́jà. Àmì hàláálì lè sọ ohun tí ó wà nínú ọjà fún wa. Kò lè sọ ohun tí ó wà nínú ọkàn olùtà. Ẹni tí ó kọ bísímílà sí iwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tí kò sì gbà kí a dá ọjà padà, oníbàárà ni ó ń fi bísímílà mú. Ohun mẹ́ta ni àwọn baba ìgbàanì gbé ìgbẹ́kẹ̀lé lé: kí olùtà sọ àbùkù ọjà rẹ̀ kí a tó béèrè, kí olùrà ní ẹ̀tọ́ láti dá a padà, kí ẹnì kan sì wà tí yóò gba ẹ̀tọ́ náà fún un. Òfin ìdáàbòbò oníbàárà ti ilẹ̀ wa, ti ọdún 2018, gba ọ̀nà kan náà, nítorí ó mọ ẹ̀tọ́ ìdápadà fún ẹni tí kò láǹfààní láti yẹ ọjà wò kí a tó gbé e dé.

Mo padà lọ sọ́dọ̀ àbúrò ìyá mi pẹ̀lú ìròyìn yìí. Inú rẹ̀ dùn nígbà tí ó gbọ́ ti Malik àti ti ìwé Kairouan. Mo wá bi í léèrè pé, "Ìyá mi, àńkárá tí ẹ fi àwòrán rẹ̀ han obìnrin yẹn, ṣé inú ìsọ̀ yín ni ó wà ní ọjọ́ tí ẹ gbowó?"

Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, "Rárá. Àwọn ọmọ ni ó mú àwòrán náà níbòmíràn. Nígbà tí owó wọlé ni mo lọ wá a rà. Èyí tí mo rí ni mo fi ránṣẹ́."

Ìtàn Hakim ibn Hizam gan-an nìyẹn. Àáfáà àdúgbò oníbàárà kò jẹ̀bi tán, àbúrò ìyá mi náà kò sì jàre tán. Ọjà àìrí kọ́ ni ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. Ohun tí kò sí lọ́wọ́ rẹ̀ ni ó tà, lórí àwòrán tí kì í ṣe tirẹ̀. Mo sọ ọ́ fún un bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú ìtẹríba, nítorí òun ni ó rán mi níṣẹ́, n kò sì gbọdọ̀ jẹ́ iṣẹ́ náà ní àjẹ́kù. Kò bínú. Ní ọjọ́ náà ni ó fi owó obìnrin yẹn ránṣẹ́ padà, ó sì san owó ọkọ̀ tí yóò gbé aṣọ náà bọ̀.

Láti ìgbà náà, aṣọ tí ó wà nínú ìsọ̀ rẹ̀ nìkan ni ó ń yà, nínú ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán. Bí ìlà kan bá wọ́ lára rẹ̀, yóò ya ìlà náà. Ó ń kọ iye ọ̀pá rẹ̀ síbẹ̀, ó sì ń fún oníbàárà ní ọjọ́ mẹ́ta láti dá a padà. Èyí tí kò bá sí lọ́wọ́ rẹ̀, yóò sọ pé òun lè bá ọ lọ rà á, iye báyìí sì ni owó iṣẹ́ òun. Ó sọ fún mi pé ní oṣù àkọ́kọ́, ọjà rẹ̀ dínkù. Àwọn baba wa ti sọ pé òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ ni a ń ra èké. Òun náà sì tọ́ ọ wò.

Ṣùgbọ́n ó tún sọ ohun kan tí n kò rí nínú ìwé kankan. Ó ní, "Nígbà tí oníbàárà bá ń ṣàdúrà fún mi báyìí pé kí Ọlọ́run fi àlùbáríkà sí i, mo ń ṣe àmín sókè. Tẹ́lẹ̀, mo máa ń rọra ṣe é ni."